TÁYÀ Ẹ̀YÌN TÓ Ń GBÓNÁ: KÍ NI Ó DI BÍRÉÈKÌ MÚ?

Ẹ̀kọ́ oṣù yìí fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tó ní mọ́tò, àti àwọn tó ń fi mọ́tò kó ọjà

Ẹ̀kọ́ ti oṣù yìí kan gbogbo ẹni tó ní mọ́tò tó ti dàgbà díẹ̀, ì báà ṣe Peugeot 504 tí a fi ń kó iṣu àti gàrí, ì báà ṣe Volkswagen tí a mọ̀ sí ìjàpá, ì báà sì ṣe bọ́ọ̀sì tòkunbọ̀. Ó kan ẹni tí kò ní mọ́tò pẹ̀lú, nítorí pé inú mọ́tò ẹlòmíràn ni ẹrù rẹ̀ àti ẹ̀mí rẹ̀ máa ń wà lọ́jọ́ ọjà.

Ọ̀rọ̀ náà nìyí. Awakọ̀ yóò ti ọ̀nà jíjìn dé, yóò sọ̀ kalẹ̀, yóò sì gbọ́ òórùn bí ìgbà tí àkísà ń jó. Bó bá ti sún mọ́ táyà ẹ̀yìn, ooru á kọlù ú lójú. Ohun tí ọ̀pọ̀ ń ṣe ni pé wọ́n á bu omi lù ú, wọ́n á sinmi díẹ̀, wọ́n á tún gbéra. Nígbà tó bá di ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n á ra láìnì tuntun. Láìnì náà á tún jó, wọ́n á tún ra òmíràn. Owó ń lọ, àìsàn ò lọ.

Ohun tí a fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé nínú ẹ̀kọ́ yìí kò ju ẹyọ kan lọ: láìnì tó jó kì í ṣe àìsàn, àmì àìsàn ni. Nǹkan kan ló di bíréèkì mú tí kò jẹ́ kó jọ̀wọ́ táyà. Ẹni tó ń pààrọ̀ láìnì láì wá nǹkan náà rí, ó fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ó ń pa làpálàpá.

ÌDÍ TÍ KÒ FI YẸ KÁ FOJÚ KÉRÉ RẸ̀

Èkíní, epo. Bí bíréèkì bá ń di táyà mú, ńṣe ni ẹ́ńjìnnì ń fa mọ́tò tí ẹlòmíràn ń fà sẹ́yìn. Epo tó yẹ kó gbé e lọ kó sì gbé e bọ̀ lè má gbé e dé ilé.

Èkejì, ooru náà kì í dúró sójú kan. Ó ń yọ́ gíríìsì inú béárìn, gíríìsì á ṣàn jáde, béárìn á gbẹ, ariwo á bẹ̀rẹ̀. Gíríìsì tó ṣàn náà lè kan láìnì kó má lè mú dáadáa mọ́. Bó bá pọ̀ jù, rọ́bà táyà fúnra rẹ̀ lè gbiná.

Ẹ̀kẹta ni ó burú jù. Ọ́ìlì bíréèkì ń hó bí omi ti ń hó. Èyí tí wọ́n kọ DOT 3 sí lára kò gbọdọ̀ hó kó tó dé digíríì Sẹ́ńtígíréèdì 205 nígbà tó ṣì jẹ́ tuntun. Ti DOT 4 jẹ́ 230. Ṣùgbọ́n ọ́ìlì yìí a máa fa omi láti inú afẹ́fẹ́. Bí omi bá ti wọ inú rẹ̀ dé ìwọ̀n tí wọ́n fi ń dán an wò, ti DOT 3 lè hó ní 140, ti DOT 4 ní 155. Bó bá hó, èéfín á wọ inú páìpù. Ọ́ìlì kò ṣeé fún pọ̀, èéfín ṣeé fún pọ̀. Nítorí náà, awakọ̀ á tẹ bíréèkì, ẹsẹ̀ rẹ̀ á lọ kanlẹ̀, mọ́tò kò sì ní dúró. Ẹ rò ó wò, bí èyí bá ṣẹlẹ̀ sí mọ́tò tó kún fún ẹrù nígbà tó ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè Ẹ̀fọ̀n Alààyè. Àwọn mọ́tò àtijọ́ kan kò ní ju ọ̀nà ọ́ìlì kan ṣoṣo lọ fún táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bí ti ẹ̀yìn bá hó, ti iwájú náà kò ní ṣiṣẹ́.

Ẹ̀kẹrin, owó ẹgbẹ́. Ẹni tó yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ láti ra mọ́tò mọ̀ pé ọjọ́ sísan kì í bèèrè bóyá mọ́tò wà lójú ọ̀nà tàbí ó wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Àwọn tó ṣe onídùúró fún un náà mọ̀ bẹ́ẹ̀.

BÍ BÍRÉÈKÌ Ẹ̀YÌN ṢE Ń ṢIṢẸ́

Púpọ̀ nínú mọ́tò àtijọ́ ló ń lo dúróòmù lẹ́yìn. Irin kan ni dúróòmù, ó rí bí ìkòkò tí a dà dé, òun ló sì ń bá táyà yí. Láìnì méjì wà nínú rẹ̀, wọ́n tẹ̀ bí oṣù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé. Àwọn láìnì kì í yí ní tiwọn. Sílíńdà kékeré kan wà tó ní písítìn nínú. Bí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì, másítà tó wà níwájú á ti ọ́ìlì gba inú páìpù lọ sẹ́yìn, ọ́ìlì á ti písítìn, písítìn á ti láìnì mọ́ ara dúróòmù. Bí wọ́n ti ń ha ara wọn ni mọ́tò ń dúró, ibẹ̀ náà sì ni ooru ti ń wá.

Nígbà tí awakọ̀ bá gbẹ́sẹ̀ kúrò, ohun méjì gbọ́dọ̀ ṣẹlẹ̀. Sípíríngì gbọ́dọ̀ fa láìnì padà sáyè rẹ̀, ọ́ìlì sì gbọ́dọ̀ rí ọ̀nà padà sínú másítà. Bí ọ̀kan nínú méjèèjì bá kọ̀, láìnì á máa ha dúróòmù bí mọ́tò ti ń lọ.

Bíréèkì ọwọ́ yàtọ̀. Kò lo ọ́ìlì rárá. Wáyà ló ń fà, wáyà náà sì ń fa apá irin kan nínú dúróòmù, tí apá irin náà á fi ti láìnì kan náà. Bí wáyà bá há, kò sí bí ọ́ìlì ti lè dára tó, táyà kò ní bọ́.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni ká máa fura sí: wáyà àti irin inú dúróòmù lọ́nà kan, ọ́ìlì lọ́nà kejì, béárìn lọ́nà kẹta. Gbogbo àyẹ̀wò tó kù nísàlẹ̀ yìí, ká lè mọ èwo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni.

ÀYẸ̀WÒ KÌN-ÍN-NÍ: TÁYÀ WO LÓ Ń GBÓNÁ?

Ẹ wa mọ́tò fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lójú ọ̀nà tó tẹ́jú, kí ẹ má máa tẹ bíréèkì láìnídìí. Bí ẹ bá fẹ́ dúró, ẹ jẹ́ kí mọ́tò rọra sá tán fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ sọ̀ kalẹ̀, kí ẹ mú ọwọ́ sún mọ́ táyà kọ̀ọ̀kan. Ẹ má fọwọ́ kan irin o, ó lè bó yín lọ́wọ́. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bó ti gbóná tó, ẹ fi ìka wọ́n omi bíńtín sí i. Bí omi bá ké ṣàá tó sì gbẹ lójú ẹsẹ̀, irin náà ti gbóná kọjá ibi tí omi ti ń hó. Ẹ má bu omi lù ú, nítorí dúróòmù tó gbóná lè là bí omi tútù bá bá a lójijì.

Ẹ fi táyà kan wé èkejì. Nígbà tí mọ́tò bá ń dúró, iwájú ni ìwúwo rẹ̀ ń wọ́ lọ, nítorí náà bíréèkì iwájú ló ń ṣe iṣẹ́ tó pọ̀ jù, ti iwájú ló sì yẹ kó gbóná ju ti ẹ̀yìn lọ. Bí ti ẹ̀yìn bá gbóná ju ti iwájú lọ, pàápàá lójú ọ̀nà tí a kò ti tẹ bíréèkì, ó ti jẹ́wọ́.

Ẹ wá dáhùn ìbéèrè yìí: ṣé táyà ẹ̀yìn kan ni, àbí méjèèjì, àbí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin? Bó bá jẹ́ ẹyọ kan, inú táyà yẹn, wáyà rẹ̀, tàbí họ́ọ̀sì tó dá lọ síbẹ̀ ni ká kọ́kọ́ wò. Bó bá jẹ́ ẹ̀yìn méjèèjì, ohun tí àwọn méjèèjì jọ ń lò ni ká wò: bíréèkì ọwọ́, tàbí họ́ọ̀sì tó pín fún wọn, tàbí apá másítà tó ń ti ọ́ìlì lọ sẹ́yìn. Bó bá jẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, másítà ni kí ojú yín lọ sí.

ÀYẸ̀WÒ KEJÌ: Ẹ GBÉ E SÓKÈ

Ilẹ̀ tó tẹ́jú tó sì le ni ká ti ṣe èyí. Ẹ fi òkúta tàbí igi gbá táyà iwájú méjèèjì tọwọ́tẹ̀yìn, kí ẹ tó fi jáàkì gbé ẹ̀yìn. Ẹ fi ohun tó lágbára gbé mọ́tò dúró, nítorí jáàkì lè yẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọ abẹ́ mọ́tò tó jẹ́ pé jáàkì nìkan ló gbé e. Ẹ fi jíà sí fíríì, kí ẹ sì sọ bíréèkì ọwọ́ sílẹ̀ pátápátá.

Ẹ fọwọ́ yí táyà. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì ti ń yí mọ́tò, ẹ óò rí i pé bí ẹ ti ń yí ti ọ̀tún síwájú, ti òsì lè máa yí sẹ́yìn, ó sì lè wúwo díẹ̀ lọ́wọ́. Iṣẹ́ jíà ẹ̀yìn ni, kì í ṣe àìsàn. Bí láìnì bá ń ha díẹ̀ ní jẹ́jẹ́, kò burú. Bó bá jẹ́ pé ẹ ní láti fi agbára yí i, bíréèkì ló dì í mú. Bó bá ń há ní ibì kan ṣoṣo tó sì ń bọ́ níbi yòókù, dúróòmù ti wọ́.

Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan wọ inú mọ́tò, kó tẹ bíréèkì lẹ́ẹ̀mẹta tàbí lẹ́ẹ̀mẹrin, kó sì gbẹ́sẹ̀ kúrò. Ẹ tún yí táyà lójú ẹsẹ̀. Bó bá há nísinsìnyí, ẹ má tú nǹkan kan palẹ̀ o. Bó ti há yẹn gan-an ni ẹ fẹ́ kó wà, nítorí ìgbà tí olè ṣì wà nínú ilé la ń mú un.

ÀYẸ̀WÒ KẸTA: ÌGBÉSẸ̀ MẸ́TA TÓ Ń YA ỌKÀ KÚRÒ LÁRA ÈÈPO

1. Ẹ dẹ wáyà bíréèkì ọwọ́. Lára ìjàpá, ìdí ọwọ́ bíréèkì nínú mọ́tò ni a ti ń dẹ̀ ẹ́, wáyà méjì ló sì wà níbẹ̀, ọ̀kan fún táyà ẹ̀yìn kọ̀ọ̀kan. Bí táyà bá bọ́ bí ẹ ti dẹ wáyà, ẹ ti rí i: wáyà ti dípẹtà nínú àpò rẹ̀, tàbí ẹnì kan fà á le jù. Mẹkáníìkì tó bá fi wáyà dípò láìnì tó ti jẹ tán, bẹ́ẹ̀ ló máa ń rí. Láìnì ni a ń kọ́kọ́ tún ṣe, lẹ́yìn náà ni a tó ń kan wáyà.

2. Bí táyà bá ṣì há, ẹ lọ sí nípù tó wà lẹ́yìn táyà náà, èyí tí a fi ń tú afẹ́fẹ́ jáde nínú ọ́ìlì. Ẹ fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́ lẹ́nu, kí ẹ ti ìdí kejì bọ inú ìgò, kí ẹ sì rọra tú u. Ẹ ṣọ́ ojú yín. Bí ọ́ìlì bá fi agbára tú jáde, tí táyà sì bọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, a jẹ́ pé ọ́ìlì ni ó há, kò rí ọ̀nà padà. Inú dúróòmù kọ́ ni ìjà wà, ọ̀nà iwájú ni ẹ máa lọ.

3. Bí ẹ bá tú nípù, tí ọ́ìlì kàn ń kán tó-tó-tó, tí táyà kò sì bọ́, a jẹ́ pé inú dúróòmù ni nǹkan wà. Ìgbà yìí gan-an ló tó àkókò láti tú dúróòmù.

Ẹ kíyè sí i pé nípù kékeré yìí, tí kì í gbà ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ láti tú, ló ń sọ fún yín bóyá iwájú ni ẹ ó lọ tàbí inú dúróòmù. Ẹni tí kò ṣe é ni ó ń ra ohun tí mọ́tò kò bèèrè.

BÓ BÁ JẸ́ ỌNÀ ỌÌLÌ

Họ́ọ̀sì rọ́bà ni ká kọ́kọ́ fura sí. Họ́ọ̀sì tó ti gbó lè dára lójú òde kí inú rẹ̀ ti wú, tàbí kí awẹ́ kan ti ṣí níbẹ̀. Ẹsẹ̀ awakọ̀ lágbára, ó lè ti ọ́ìlì kọjá. Sípíríngì kò lágbára tó bẹ́ẹ̀, kò lè tì í padà. Bí ilẹ̀kùn tó ń ṣí sí apá kan ṣoṣo ló rí.

Ká lè mọ̀ bóyá họ́ọ̀sì ni tàbí másítà, ẹ ti nípù padà, ẹ tún tẹ bíréèkì kí táyà tún há. Nísinsìnyí, ẹ dẹ nọ́ọ̀tì páìpù irin níbi tó ti wọ inú họ́ọ̀sì, ní apá ibi tí másítà wà. Bí táyà bá bọ́, họ́ọ̀sì kò jẹ̀bi, iwájú rẹ̀ ni ìdíwọ́ wà. Bí táyà kò bá bọ́, ṣùgbọ́n tó bọ́ nígbà tí a tú nípù, họ́ọ̀sì ló jẹ̀bi. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ má fi wáyà gún inú rẹ̀ láti là á.

Ìjàpá ní họ́ọ̀sì kan fún táyà ẹ̀yìn kọ̀ọ̀kan, nítorí náà họ́ọ̀sì tó bàjẹ́ á mú táyà kan. Mọ́tò tí irin ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ ọ̀pá kan gbọọrọ, irú ti Peugeot 504 tó ń kó ẹrù, bó bá jẹ́ họ́ọ̀sì kan ṣoṣo ló wá sórí ọ̀pá náà, á mú méjèèjì pọ̀.

Bó bá jẹ́ másítà, ẹ wo ibi tí a ń tẹ̀ kí ẹ tó wo ohunkóhun mìíràn. Ó yẹ kí ẹsẹ̀ rìn díẹ̀ lófo kí ọ̀pá tó kan písítìn másítà. Ti ìjàpá, ààyè bíi mílímítà 1 ló yẹ kó wà láàárín ọ̀pá àti písítìn. Bí kò bá sí ààyè yẹn, písítìn kò ní padà tán, á sì bo ihò kékeré tí ọ́ìlì ń gbà padà sínú agolo rẹ̀. Ibi tí ooru ti ń bí ooru nìyẹn: ọ́ìlì tó gbóná á fẹ̀, kò ní rí ọ̀nà padà, á túbọ̀ ti láìnì, láìnì á túbọ̀ gbóná. Ìdí nìyẹn tí mọ́tò mìíràn fi ń ṣe dáadáa láàárọ̀ tó sì ń fà tìkọ̀ lọ́sàn-án. Bó bá sinmi tó tutù, á jọ̀wọ́, mẹkáníìkì á sì sọ pé òun kò rí nǹkan kan. Òótọ́ ló sọ, mọ́tò ti tutù kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

ORÚKỌ TÓ Ń TAN ÈNÌYÀN JẸ

A ń pè é ní ọ́ìlì bíréèkì, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ́ìlì bíi ti ẹ́ńjìnnì. Orúkọ yìí ti ba mọ́tò púpọ̀ jẹ́. Bí ènìyàn bá da ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì sínú agolo bíréèkì, ì báà ṣe díẹ̀, gbogbo rọ́bà inú másítà àti sílíńdà á wú, písítìn á há, bíréèkì kò sì ní jọ̀wọ́ mọ́. Àyẹ̀wò rẹ̀ rọrùn. Ẹ fa ọ́ìlì díẹ̀ láti inú agolo náà, kí ẹ kán an sínú omi nínú ife tí a lè rí inú rẹ̀. Ọ́ìlì bíréèkì DOT 3 tàbí DOT 4 á pò mọ́ omi. Bí ohun kan bá léfòó bí epo ọbẹ̀, ọ́ìlì àjèjì ti wọ ibẹ̀. Fífa ọ́ìlì náà jáde nìkan kò tó. A ní láti fọ páìpù, ká sì pààrọ̀ gbogbo rọ́bà àti họ́ọ̀sì.

Àwọn mọ́tò díẹ̀ wà tí oríṣi tiwọn yàtọ̀ láti ilé iṣẹ́. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sórí ìdérí agolo kí ẹ tó da nǹkan kan sí i. Ìgò tó ti ṣí sílẹ̀ fún oṣù mélòó kan, ẹ má lò ó. Ó ti mu omi. Èyí tí a tú jáde lára mọ́tò, ẹ má dà á padà.

BÓ BÁ JẸ́ INÚ DÚRÓÒMÙ

Kí ẹ tó tú u, ẹ gbọ́ ìkìlọ̀ yìí. Ọ̀pọ̀ láìnì àtijọ́ ló ní asbestos nínú. Eruku rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, ó sì lè fa jẹjẹrẹ lẹ́yìn ọdún púpọ̀. Ẹ má fi ẹnu fẹ́ ẹ, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fi afẹ́fẹ́ ẹ̀rọ fọ́kanáísà fẹ́ ẹ dànù. Omi àti àkísà ni kí ẹ fi nù ún, kí ẹ sì lé àwọn ọmọdé kúrò níbẹ̀.

Nínú rẹ̀, ẹ wo nǹkan márùn-ún. (1) Písítìn sílíńdà: ṣé ó ń wọlé bí a bá rọra tì í, àbí ìpẹtà ti mú un? (2) Sípíríngì: ooru máa ń gba agbára rẹ̀, bó bá ti nà tàbí tó ti dúdú, ẹ pààrọ̀ ti ọ̀tún àti ti òsì pọ̀. (3) Apá irin bíréèkì ọwọ́: ṣé ó ń padà dé ìdí rẹ̀? (4) Ibi tí etí láìnì ń jókòó lé lára àwo ẹ̀yìn: bí ó bá ti jẹ kòtò síbẹ̀, láìnì á máa kọ́ síbẹ̀. (5) Dúróòmù: ṣé ó ti là, àbí ó ti wọ́?

Ẹ tún ṣọ́ra fún ohun kan. Bí a bá fún láìnì mọ́ra nígbà tí dúróòmù ṣì gbóná, irin ti fẹ̀ nígbà yẹn. Bó bá tutù, á sún kì, á sì fún láìnì mọ́ inú. Ẹ jẹ́ kó tutù pátápátá. Kí ẹ fún un títí táyà á fi há, kí ẹ wá máa dẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ títí á fi yí. Ẹ tẹ bíréèkì kó jókòó, kí ẹ sì tún yẹ̀ ẹ́ wò. Ìjàpá ní ibi ìfúnpọ̀ méjì nínú táyà kọ̀ọ̀kan, ẹ má ṣe ọ̀kan kí ẹ fi èkejì sílẹ̀.

BÓ BÁ JẸ́ BÉÁRÌN

Bí táyà bá yí wẹ́rẹ́ lórí jáàkì, tí kò sí ohun tó di bíréèkì mú, ṣùgbọ́n tó ṣì ń gbóná lójú ọ̀nà, ẹ wo ibi tí ooru ti pọ̀ jù. Ooru bíréèkì máa ń wà létí dúróòmù. Ti béárìn, àárín gbùngbùn táyà ló máa ń wà. Ẹ di táyà mú lókè àti nísàlẹ̀, kí ẹ mì í. Bó bá ń gbọ̀n, tàbí tó ń kùn bí ọlọ bí a ti ń yí i, béárìn ti ń lọ. Òun náà kò ṣeé fi ṣeré, nítorí béárìn tó bá fọ́ lè jẹ́ kí táyà bọ́ sílẹ̀ lójú ọ̀nà.

Ẹ JẸ́ KÁ FI ÀPẸẸRẸ MẸ́TA DÁN ARA WA WÒ

Àkọ́kọ́: mọ́tò akẹ́rù kan, táyà ẹ̀yìn méjèèjì gbóná. A dẹ wáyà, kò bọ́. A tú nípù kan, ọ́ìlì tú jáde, méjèèjì bọ́. A ti nípù, a tẹ bíréèkì, a dẹ nọ́ọ̀tì iwájú họ́ọ̀sì, kò bọ́. Họ́ọ̀sì ni. Ẹni tó bá ra láìnì fún mọ́tò yìí ti sọ owó rẹ̀ nù.

Èkejì: ìjàpá kan, ti òsì lẹ́yìn nìkan ló gbóná. A dẹ wáyà apá òsì, ó bọ́. Wáyà ni.

Ẹ̀kẹta: bọ́ọ̀sì kan, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi láìnì tuntun sí i, méjèèjì ń gbóná. Wáyà kò jẹ̀bi. Nípù kò tú ọ́ìlì jáde pẹ̀lú agbára. Ọ̀sán gangan tó ti ọ̀nà dé ni wọ́n fún láìnì rẹ̀ mọ́ra. Wọ́n fún un kì jù nígbà tó gbóná ni.

BÓ BÁ ṢẸLẸ̀ LÓJÚ Ọ̀NÀ

Bí ẹ bá gbọ́ òórùn náà, ẹ rọra yà sẹ́bàá ọ̀nà. Ẹ fi jíà dá mọ́tò dúró, kí ẹ fi òkúta gbá táyà. Ẹ má fa bíréèkì ọwọ́ sórí dúróòmù tó gbóná janjan. Ẹ jẹ́ kó tutù fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá ń lọ, ẹ kó òkúta yín kúrò lójú ọ̀nà, nítorí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Bí táyà bá ti gbiná, ẹ kó èrò sọ̀ kalẹ̀ kíákíá, kí wọ́n jìnnà, nítorí táyà lè bú. Bó bá jẹ́ pé bíréèkì ló lọ kanlẹ̀ nígbà tí ẹ ń sọ̀ kalẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ léraléra kíákíá, ẹ já jíà wálẹ̀, kí ẹ sì rọra máa fa bíréèkì ọwọ́. Ẹ má já a lójijì.

Lẹ́yìn àtúnṣe, ẹ tú afẹ́fẹ́ inú ọ́ìlì jáde, kí ẹ tún ṣe àyẹ̀wò kìn-ín-ní lákọ̀tun, láì tíì kó ẹrù. Mọ́tò tí kò bá yege láìlẹ́rù, kò gbọdọ̀ gbé ẹrù ọmọ ẹgbẹ́ kankan.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌPÀDÉ

1. Kí ni ìdí tí táyà ẹ̀yìn kò fi yẹ kó gbóná ju ti iwájú lọ?
2. Bí a bá tú nípù tí táyà sì bọ́, ibo ni a kò ní wá àìsàn náà sí mọ́?
3. Kí ló dé tí mọ́tò fi lè dára láàárọ̀ kó sì há lọ́sàn-án?
4. Báwo ni a ṣe ń mọ̀ bí ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì bá ti wọ inú bíréèkì?

Kí ẹni tó ní mọ́tò mú ìwé ìròyìn yìí dání lọ bá mẹkáníìkì rẹ̀, kí wọ́n jọ kà á. Bí mẹkáníìkì bá sọ pé láìnì ni ká rà, ẹ bi í léèrè pé: kí ló di èyí tó jó mú? Bó bá ti rí ìdáhùn, ẹ san owó rẹ̀ fún un tọ̀yàyàtọ̀yàyà, iṣẹ́ gidi ló ṣe.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́